Ọ̀pẹ Tí Kò Ní Wàhálà: Wàhálà Ti Ibo Là Ń Sọ?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Peckham, ní London. Ilé tó kọ́ sí Igbara-Odo ti parí tipẹ́, iwájú ilé nìkan ló kù tó fẹ́ kó rẹwà. Ní oṣù November kan, ó pè mí lórí WhatsApp, ó yí fóònù rẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó ní kí n wo igi kan nínú ọgbà aládùúgbò òun. Ọ̀pẹ ni. Ọ̀pẹ gan-an, nínú òtútù London! Ewé rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ bí abẹ̀bẹ̀, ara igi rẹ̀ sì ní irun bí ìgbà tí èèyàn fi àpò ìdọ̀họ wé e.

"Ṣé o rí i? Yìnyín gan-an ò lè pa á. Wọn kì í bomi rin ín, wọn kì í ṣe nǹkan kan sí i. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ níwájú ilé yẹn. Mi ò fẹ́ wàhálà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, yìnyín kì í bọ́ ní Igbara-Odo o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù, kí n lọ wá ọ̀pẹ náà. Ó fi owó ránṣẹ́.

Látọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Nígbà tí àwọn èèyàn bá sọ pé igi kan "le", pé "kò ní wàhálà", a kì í béèrè pé kí ló le sí. Ṣé òtútù ni? Ṣé ọ̀dá ni? Ṣé iná ni, àbí ewúrẹ́ ìyá ẹlẹ́ran tó wà ní ilé kejì? Èrò tèmi ni pé líle igi kì í ṣe ohun tó wà lára igi nìkan. Àárín igi àti ibi tí a gbìn ín sí ló wà. Igi tó jẹ́ akọni ní London lè di ọ̀lẹ ní Ekiti. Bẹ́ẹ̀ la sì ní ọ̀pẹ elewé abẹ̀bẹ̀ tiwa ní ilẹ̀ yìí, tó le sí gbogbo ohun tó ń pa igi lọ́dọ̀ wa, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í tà lójú títì. Màá sọ ìdí tí wọn kì í fi í tà á, torí ìdí yẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti London. Ọ̀pẹ tí ẹ̀gbọ́n mi rí, Trachycarpus fortunei lorúkọ rẹ̀. China ló ti wá. Ọkùnrin ará Scotland kan tó ń jẹ́ Robert Fortune ló fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1849, ìdí nìyẹn tí orúkọ Fortune fi wà nínú orúkọ igi náà. (Ọkùnrin yìí kan náà ló kó igi tíì kúrò ní China lọ sí India fún àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀ rárá.) Òtútù tó lọ sí -10°C kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Ìyẹn ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń sọ tí wọ́n bá ní ó le. Wọn ò sọ ti oòrùn February ní Ekiti. Ọ̀pẹ ibi tútù ni. Tí èèyàn bá gbé e wá sí ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa, ńṣe ló máa ń jìyà.

Ní Igbara-Odo, ohun tó ń pa igi yàtọ̀. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní November, ó lè di March kí ilẹ̀ tó tún tutù dáadáa. Ọyẹ́ á fẹ́. Ilẹ̀ pupa yẹn á le bí àwo tí wọ́n sun, ọkọ́ á máa dún lórí rẹ̀. Ẹnì kan á finá sí koríko ní púlọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́, á ní òun ń pa eku. Ikán wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù lọ ni pé onílé kò sí nílé! Ìdajì àwọn ilé tuntun tó wà ládùúgbò wa, àti ti Ogotun àti Ilawe tí mo máa ń gbà kọjá, ẹni tó ni wọ́n wà ní Lagos, ní Abuja, ní Houston, ní London. Ta ló máa bomi rin igi ní January? Èmi náà ṣiṣẹ́ ní Ado. Ìyá wa ti dàgbà, kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kiri nítorí òdòdó.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta igi ẹ̀ṣọ́. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò ní dárúkọ èèyàn. Mo fi fọ́tò hàn án, ó ní òun ní "ọ̀pẹ London" dáadáa, kò ní wàhálà rárá. ₦45,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ra mẹ́ta. Ìgbà tí mo délé ni mo tó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo rí i pé Washingtonia ni, ọ̀pẹ elewé abẹ̀bẹ̀ tó wá láti apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Mexico. Kò kúkú burú. Ó rẹwà. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá ṣọdún, nítorí náà a gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ó dé, ó ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ó padà ní January. Ní ìparí February, mo lọ wo àwọn ọ̀pẹ náà. Màrìwò àárín ti pupa. Mo dì í mú, mo fà á díẹ̀, ó sì yọ jáde lọ́wọ́ mi láìjà, ìdí rẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú.

Ẹ dúró níbi màrìwò yẹn díẹ̀, torí ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ kì í ṣe igi bí ìrókò ti jẹ́ igi. Koríko àti àgbàdo ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ìrókò ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ èèpo tó ń mú kí igi náà máa sanra lọ́dọọdún, ó sì ní ojú púpọ̀ lára tó lè hù ẹ̀ka: tí ẹ bá gé orí rẹ̀, yóò rúwé ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pẹ tó ní igi kan ṣoṣo kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ibì kan péré ló ti ń dàgbà, ìyẹn ọkàn rẹ̀ lókè níbi tí màrìwò ti ń jáde. Tí ibẹ̀ bá kú, gbogbo igi kú, bó ti wù kí ewé ìsàlẹ̀ ṣì tutù tó. Àwọn adẹ́mu mọ èyí dáadáa. Ní agbègbè Toumodi ní Côte d'Ivoire, bí wọ́n ṣe ń dá ẹmu lára ọ̀pẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni pé wọ́n á gé orí rẹ̀ títí dé ọkàn. Ẹmu á jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà igi á kú.

Gbòǹgbò náà ní tirẹ̀. Ọ̀pẹ kò ní gbòǹgbò ńlá kan tó sọ kalẹ̀ ní àárín bíi ti mángòrò. Ìdí igi ló ti ń yọ ọ̀pọ̀ gbòǹgbò tí ìwọ̀n wọn kì í yí padà, bíi okùn. Tí wọ́n bá gé okùn wọ̀nyí nígbà tí wọ́n ń wú u, àwọn ọ̀pẹ kan lè hù ẹ̀ka gbòǹgbò láti ojú ibi tí wọ́n gé, àwọn mìíràn kò lè ṣe é rárá, àfi kí wọ́n yọ tuntun láti ìdí. Tuntun yẹn á gba oṣù púpọ̀. Nítorí náà mi ò ní purọ́ mọ́ Washingtonia. Àwa la gbìn ín ní December, a gbìn ín pẹ̀lú gbòǹgbò tó ti ká kòrókòró nínú ike, sínú ilẹ̀ líle tí kò sí omi. Nílé tiwọn ní Mexico, ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀ nítòsí ni wọ́n máa ń wà, lẹ́bàá ìsun àti ní àfonífojì. Wọ́n fara da oòrùn, wọn ò fara da òùngbẹ tí kò lópin. Tí a bá gbìn ín ní May, bóyá yóò yè. Ṣùgbọ́n igi tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí onílé wà nílé fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ṣé òun là ń pè ní igi tí kò ní wàhálà?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n mú tiwa jáde. Àgbọn olódù ni Yorùbá ń pè é. Hausa ní giginya, àwọn tó ń sọ Faransé ní Benin àti Togo ní rônier, orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì sì ni Borassus aethiopum. Ẹni tó bá ti rìnrìn àjò gba Niger State tàbí Kebbi ti rí i láìmọ̀: igi gíga kan ṣoṣo nínú pápá, tó lè ga tó mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ara rẹ̀ wú níbì kan lókè ju ìdajì lọ bí ìgbà tí ejò gbé eku mì, tí ewé abẹ̀bẹ̀ ńláńlá sì bò ó lórí. Ewé kan lè fẹ̀ tó mítà 3. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ká ewé náà ní ìlà-ìlà, bíi páànù tí a fi ń kan ilé. Iṣẹ́ kan náà ni ìlà yẹn ń ṣe lórí ilé àti lórí ọ̀pẹ: páànù pẹlẹbẹ á tẹ̀, páànù onílà kò ní tẹ̀ bọ̀rọ̀. Láìfi ẹrù kún ewé, ó fi agbára kún un.

Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, láti Senegal títí dé ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn ju tiwa lọ tí iná sì ń jó lọ́dọọdún. Ìdí tí iná kì í fi í pa á ni ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa ìrókò. Iná máa ń pa igi nípa jíjó awọ tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ èèpo yẹn. Àgbọn olódù kò ní in. Ọ̀nà tí omi ń gbà nínú rẹ̀ fọ́n káàkiri inú igi, bí okùn inú ìrèké, nítorí náà ìta lè jóná dúdú kí inú ṣì máa ṣiṣẹ́. Ikán ńkọ́? Ẹ bi àwọn tó kọ́ ilé alámọ̀ Kano àti Zaria àtijọ́. Igi àjà tí wọ́n ń pè ní azara, láti ara giginya ni wọ́n ti là á, torí ikán kì í fẹ́ rí i. Èmi ò mọ ẹ̀rí mìíràn tó ju kí amọ̀ ilé wà lórí igi kan fún ìran méjì mẹ́ta kí igi náà má jẹrà.

Ẹnì kan á sọ pé: ẹ̀gbẹ́ igbó ni Igbara-Odo, ilẹ̀ kòkó àti obì, kì í ṣe ọ̀dàn, igi yìí kì í ṣe igi wa. Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ kò ní rí i kó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ òjò tiwa pọ̀ ju ti ibi tó ti ń yè lọ, igi tó lè fara da oṣù mẹ́fà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní sunkún torí mẹ́rin. Oòrùn ló ń fẹ́. Abẹ́ ìbòòji kòkó kọ́ ni ibi tó yẹ kí ẹ gbìn ín sí, àmọ́ iwájú ilé tuntun tí wọ́n ti gé gbogbo igi kúrò ní ojú oòrùn gbalasa, ìyẹn yẹ ẹ́ dáadáa. A ti sọ iwájú ilé wa di ọ̀dàn fúnra wa kí a tó máa wá igi, ẹ ò rí nǹkan.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Niger State ló bá mi mú èso mẹ́ta wá nínú báàgì rẹ̀. Èso náà tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ díẹ̀, awọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọsàn tó pọ́n, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. (Ẹran inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó kún fún okùn. Erin fẹ́ràn rẹ̀, ibi tí erin bá sì yàgbẹ́ sí ni kóró á ti hù. Níbi tí kò ti sí erin mọ́, èmi àti àgùnbánirọ̀ la rọ́pò.) Inú èso kọ̀ọ̀kan ni kóró tó lè tó mẹ́ta wà. Mo rí mẹ́jọ lápapọ̀.

Mo gbìn wọ́n ní April, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò. Mo gbin mẹ́rin sínú àpò náílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n fi ń tọ́jú irúgbìn kòkó, mo gbin mẹ́rin sí ojú ilẹ̀ gan-an. May, kò sí nǹkan. June, kò sí nǹkan. Ìyá wa ní kí n jẹ́ kí òun fi ibẹ̀ gbin ewédú. July, mo rò pé kóró ti bàjẹ́, mo bá mú ọ̀kan lára àwọn tó wà nílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Kóró náà wà níbi tí mo fi í sí. Àmọ́ ohun kan ti jáde lára rẹ̀, funfun, tó nípọn bí ìka àtàǹpàkò, ó sì ti wọlẹ̀ lọ ní tààrà. Mo gbẹ́ tẹ̀ lé e. Ó ń lọ ṣáá. Nígbà tí mo fi máa dé òpin rẹ̀, ihò náà ti jìn tó orúnkún mi. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn tí mo fi pa á.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà nípa rẹ̀. Àgbọn olódù kì í hù bí àgbàdo. Kó tó rán ewé kankan lọ sókè, á kọ́kọ́ fi ọ̀pá funfun yẹn ti ọmọ igi tó wà nínú kóró lọ sísàlẹ̀, nígbà mìíràn tó ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀: gbòǹgbò á lọ sísàlẹ̀ sí i, ewé àkọ́kọ́ á wá máa gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkàn igi, ibi kan ṣoṣo tí ikú lè gbà wọlé, á wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná jó koríko lókè, ewé nìkan ló jó. Ewúrẹ́ jẹ ewé, á tún rán òmíràn jáde. Ilẹ̀ gbẹ lókè, ìsàlẹ̀ ṣì tutù. Àwọn ará Àríwá mọ ibi tí oúnjẹ yẹn wà: wọ́n máa ń gbin kóró náà fún wíwú, wọ́n á wú ọ̀pá tó ti sanra lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á pè é ní muruchi. Mo ti jẹ ẹ́. Ó dà bí iṣu tó ní okùn.

Ẹ wá wo àwọn mẹ́rin inú àpò náílọ́ọ̀nù. Méjì fi ọ̀pá wọn gún ìdí àpò, wọ́n wọ ilẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé àpò, wọ́n já. Méjì tó kù lọ́ mọ́ ara wọn nínú àpò bí okùn, wọ́n hù ewé kan, wọ́n sì kú ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìdí tí wọn kì í fi í ta àgbọn olódù lójú títì nìyẹn. Kì í ṣe pé kò rẹwà, kì í ṣe pé ó ṣọ̀wọ́n. Kò wọ àpò ni. Ohun tó bá wọ àpò náílọ́ọ̀nù, tó dàgbà kíá, tó ṣeé gbé sẹ́yìn ọkọ̀, òun ni ọjà ń tà, òun là ń rà, òun là ń pè ní igi ẹ̀ṣọ́. Agbára tó mú kí àgbọn olódù le, ìyẹn bó ṣe ń fi ara pamọ́ sísàlẹ̀, òun náà ló mú kí oníṣòwò kọ̀ ọ́. Ẹ tún wá wò ó: oníṣòwò kì í jẹ nínú igi tí kì í kú. Igi tó ń kú ní gbogbo February, tí èèyàn tún ń pààrọ̀ ní gbogbo December, ìyẹn ni ọjà. Mi ò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀. Mo ń sọ pé bó ṣe ń rí nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tó lè yí èyí padà tó bá fẹ́. NIFOR, lẹ́bàá Benin City, ti wà láti 1939 nítorí ọ̀pẹ. Iṣẹ́ wọn kò mọ sí ọ̀pẹ epo nìkan. Àgbọn, dàbínù, ògùrọ̀, àti ọ̀pẹ ẹ̀ṣọ́ pàápàá wà nínú ohun tí òfin ní kí wọ́n máa ṣèwádìí lé lórí. Tó bá jẹ́ tèmi, màá ní kí wọ́n máa ta kóró àgbọn olódù pẹ̀lú ìwé ojú kan tó sọ bí a ṣe ń gbìn ín, bí wọ́n ṣe ń ta irúgbìn ọ̀pẹ epo fún àgbẹ̀. Kóró ni kí wọ́n tà, kì í ṣe igi. Igi náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ó ku mẹ́ta nílẹ̀. Ní October, ewé kan yọ lórí méjì nínú wọn, tín-ín-rín, gbọọrọ, kò jọ abẹ̀bẹ̀ rárá. Ìyá wa fẹ́ ro ó mọ́ koríko. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, mi ò bu ife omi kan lé wọn lórí. Iná wá láti púlọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ ní January, ó jó ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ní April, ewé méjì ló yọ padà. Wọ́n ti rí ẹ̀ẹ̀rùn méjì báyìí. Ewé wọn gùn tó apá mi, ó ti ń là ní ẹnu. Owó tí mo ná lórí wọn ni owó káàdì tí mo fi pe àgùnbánirọ̀.

Mi ò ní pa irọ́ ọlọ́jà fún yín o. Igi yìí lọ́ra. Á jókòó sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìní ara igi kankan, ewé nìkan, torí ó ní láti kọ́ ìbú ìdí rẹ̀ pé kó tó dìde. Ẹ rántí pé kò ní awọ tó lè mú un sanra lẹ́yìn ìgbà náà bíi ti ìrókò. Ẹni tó bá gbìn ín ní ọmọ ogún ọdún lè ti ní irun funfun kó tó rí òdòdó rẹ̀. Akọ àti abo tún yàtọ̀, òdòdó yẹn ló sì máa sọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀gún dúdú wà ní etí igi ewé rẹ̀ bí eyín ayùn. Ẹ má gbìn ín sí ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń gbà sáré.

Èso abo tún wà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Èso kan lè wọn ju kílò kan lọ. Tó bá já láti mítà 15, láìka atẹ́gùn sí, á dé ilẹ̀ ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, á sì máa sáré bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Iyára ọ̀kadà lójú ọ̀nà tó dáa nìyẹn. Ẹ má gbé mọ́tò síbẹ̀. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ wáyà iná, ẹ má gbìn ín nítòsí sókàwéè, ẹ jẹ́ kó tó mítà 8 tàbí 10 sí ògiri. Ẹni tó ní ìdajì púlọ́ọ̀tì tó sì ti fi ilé kún un, igi yìí kò yẹ ẹ́, òdodo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kó wá ọ̀pẹ kékeré tó ń gbé inú ìkòkò bíi Rhapis sí abẹ́ ìbòòji fàráńdà, kó sì mọ̀ pé òun náà á máa bomi rin ín.

Ewé gbígbẹ tó ń so rọ̀ lára àgbọn olódù, èmi ò ní gé e. Alápàáńdẹ̀dẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé inú irú ewé ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ ilé sí. Á fi itọ́ rẹ̀ lẹ ìyẹ́ mọ́ ewé tó ń fì nínú atẹ́gùn, á tún fi itọ́ kan náà lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ọn kó má baà já bọ́. Ẹyẹ tó ń fi ilé rẹ̀ kọ́ sórí ohun tó ń fì, kí nìdí tí màá fi gun àkàbà lọ lé e kúrò?

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn ọ̀pẹ ₦45,000 ti kú, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "O mọ̀ pé màá fẹ̀yìn tì wá síbẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ igi. Ó ní òun fẹ́ kí ohun kan wà níwájú ilé yẹn tó ń dúró de òun, nítorí gbogbo ìgbà tí òun bá dé, ńṣe ni gbogbo nǹkan máa ń jọ pé kò mọ òun mọ́. Mo wá sọ fún un nípa àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé, lórí ilẹ̀ ìyá wa. Ó béèrè pé ọdún mélòó ló máa gbà kó ga ju òrùlé. Mo sọ òótọ́ fún un.

"Ṣé mo máa rí i?"

"Ẹ máa rí ewé abẹ̀bẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Gíga yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ."

Ọ̀rẹ́ mi àgùnbánirọ̀ ti parí ìsìnrú ìlú, ṣùgbọ́n ó mọ ẹnì kan ní Mokwa tó máa fi èso sínú ọkọ̀ fún wa. Èso mìíràn dé ní oṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù ní gbogbo ìgbà tí mo ń gbẹ́lẹ̀, ó ní kí n gbé tápù kí òun rí i, kí n wọ̀n ọ́n láti ògiri. Mítà 9 àbọ̀ ni. Ó ní kí n sún un síwájú díẹ̀ sí i, kó lè wà ní ojú fèrèsé yàrá òun.